Ahọ́n Ò Mọ "A Dúpẹ́"

Mo kọ́kọ́ rò pé hóró ìrẹsì ni. Ìrẹsì lèmi fúnra mi jẹ kí n tó wá síbi iṣẹ́, mo ní bóyá ara aṣọ mi ló ti já bọ́. Àfi bí hóró ìrẹsì ṣe ká ara ẹ̀ kò, tó nà, tó sì kọrí sídìí ògiri.

Ìdin ni.

Èébì gbé mi títí dé ọ̀nà ọ̀fun. Mo gbé e mì. Abẹ́ ìró Ìyá Orímisàn ló ti já bọ́, ìyá yẹn ò sì mọ̀, àbí ó mọ̀ tó ń ṣe bí ẹni tí ò mọ̀. Ó jókòó sórí àga iwájú Ahọ́n, ohun tó ń yẹ aláìsàn wò ní sẹ́ńtà ìlera wa, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó kàn yà wá kí wa. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Òun ló ń yan ẹja tà ní ìsàlẹ̀ òkè, ọ̀kan nínú àwọn tí òkun lé wá bá wa nígbà tí omi gbé ìlú wọn mì.

"Ẹ káàárọ̀, Màmá," ni Ahọ́n wí. Ohùn ọmọbìnrin tí wọ́n kọ́ yé ni wọ́n fi sí i, tó o bá dijú o máa rò pé ó kúnlẹ̀ ni. "Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́ o, ọmọ mi. Ara le koko."

"Ibo ló ń dùn yín?"

"Dùn mí kẹ̀? Ara ọ̀tá ni ò ní yá. Ọmọ ọmọ mi ló ní kí n yà síbí kí n tó lọ ra igi tí mo máa fi yan ẹja."

Ni Ahọ́n bá nà jáde látinú ògiri. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì rí i rí, ẹ má rò pé irin ni o. Ẹran ni. Ara màlúù ni wọ́n ti mú un, wọ́n gbìn ín sínú ìgò níbì kan tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò dé rí, ó wá dàgbà, ó fẹ̀ bí ewé gbòdògì, ó pupa, ara ẹ̀ rí ṣákiṣàki, itọ́ sì máa ń kán lára ẹ̀ tó, tó, tó sílẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́ láràárọ̀, tí mo ń ha kẹ́lẹ́bẹ̀ àná kúrò lára ẹ̀, tí wọ́n bá ti se ahọ́n màlúù nílé wa, èmi a dìde kúrò nídìí oúnjẹ.

Ó lá àtẹ́lẹwọ́ Ìyá Orímisàn látọrùn ọwọ́ dórí ìka. Bó ṣe ń dún dà bí ìgbà téèyàn ń fa ẹsẹ̀ yọ nínú ẹrẹ̀.

"Mo tọ́ ẹja wò," ni Ahọ́n wí. "Ara yín le, Màmá. Ẹ máa lọ láyọ̀."

Bó ṣe ń ṣe nìyẹn. Ibi tó o bá ní ó ń dùn ẹ́ ló máa lá. Orí lo pè, orí ló lá. Ikùn lo pè, ikùn ló lá, á sì sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún ẹ, kì í ṣìnà, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Àmọ́ tó o bá ní kò síbì kankan, ọwọ́ nìkan ló máa lá, tó bá ti ṣe, ó di ẹlòmíì.

Mo sún mọ́ Ọ̀gá Akínlàbí. Òun lọ̀gá wa ní sẹ́ńtà, òun ló sì ń bọ́ Ahọ́n. Ó ń fi ṣíbí da omi ẹran sí ìdí ẹ̀ lọ́wọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń fún ọmọ lẹ́kọ mu.

"Ọ̀gá, ẹ wo ilẹ̀."

"Mo rí i."

"Ìdin ni o."

"Mo ní mo rí i, Mosúnmọ́lá. Gbá a."

"Kí n gbá a kẹ̀? Ìyá yẹn ńkọ́?"

"Ahọ́n ní ara wọn le."

"Ṣé ẹ ò gbóòórùn ẹ̀ ni?"

Ó gbóòórùn ẹ̀. Ta ni ò ní gbọ́ ọ? Òórùn ẹja yíyan ló kọ́kọ́ máa lu imú ẹ, ó pọ̀ ju ti ẹni tó kàn ń ta ẹja lọ. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀ ẹja yẹn, òmíràn wà níbẹ̀. Bí eku tó kú sẹ́yìn àpótí, tí wọ́n wá a títí tí wọn ò rí i.

Ọ̀gá mi nu ṣíbí. "Imú èmi àti tìẹ, wọn kì í ṣe ẹlẹ́rìí. Àbí o fẹ́ kọ́ mi lófin ni?"

Òfin Ọwọ́ ló ń sọ. Nígbà àjàkálẹ̀ tó pa ìdajì ìlú, ọwọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ni wọ́n ní ó gbé e láti ara ẹnì kan dé ara ẹnì kejì. Láti ìgbà náà, ọwọ́ ènìyàn ò gbọdọ̀ kan aláìsàn mọ́ àfi tí Ahọ́n bá pàṣẹ. Wọ́n fún wa ní ìbọ̀wọ́ kan, eérú ni àwọ̀ ẹ̀, ó le bí èèpo igi, o ò tiẹ̀ lè fi í mú abẹ́rẹ́. Tí Ahọ́n bá pàṣẹ, á rọ̀ bí awọ ara. Tó o bá bọ́ ọ láìgbàṣẹ, ó kú nìyẹn, á dúdú bí èédú, iṣẹ́ ẹ náà kú sínú ẹ̀, o ò tún ní ṣe nọ́ọ̀sì mọ́ láéláé.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́ kan fún yín: òfin yẹn ló gbé mi dénú iṣẹ́ yìí. Ṣé ẹ rí èmi yìí, gbogbo nǹkan ló ń rí mi lára. Ikun imú ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, mi ò lè nù ún. Nígbà tí mo sọ fún màmá mi pé mo fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Mo ní, "Màmá, wọn kì í fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni mọ́." Wọ́n ní, "Tóò, iṣẹ́ ẹ nìyẹn."

Ìyá Orímisàn ti ń dìde. Ó fọwọ́ ti àga, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sílẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tí ò fẹ́ kí ilẹ̀ mọ̀. Mo rí i tó pa eyín pọ̀.

"Màmá, ẹ dúró ná."

"Kí ló dé, nọ́ọ̀sì? Ahọ́n ní kí n máa lọ."

Mo fa ìyá náà lọ sẹ́yìn kọ́tìnnì. Mi ò fọwọ́ kàn wọ́n o, aṣọ wọn ni mo fi ìbọ̀wọ́ líle yẹn dì mú. Mo sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Màmá, kí ló ṣe ẹsẹ̀ yín?"

"Ẹsẹ̀ wo?"

"Ìdin já bọ́ lára yín."

Wọ́n wò mí. Ẹ̀rín yẹn ò kúrò lẹ́nu wọn, ojú wọn nìkan ló yí padà. "Ẹja ni. Ẹja máa ń nídin."

"Ẹja yíyan?"

Wọ́n fa ìró wọn wálẹ̀.

"Màmá, ẹ̀ ń gbọ̀n. Ojú yín ti pọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn padà lọ jókòó, kẹ́ ẹ sọ fún Ahọ́n pé ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré."

"Kí n fẹnu ara mi pe àìsàn? Ṣé o mọ ohun tó wà níwájú mi ni? Sátidé nìyàwó Ìbídàpọ̀ ń wọlé. Ọmọ ọmọ mi àkọ́kọ́! Èmi sì làgbà tó kù nílé wa, gbogbo àwọn tó yẹ kó ṣe é, omi ti gbé wọn lọ. Èmi ni mo máa bu omi, èmi ni mo máa fọ ẹsẹ̀ ìyàwó lẹ́nu ọ̀nà. O ti rí ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ jíjẹrà ti fọ ẹsẹ̀ ìyàwó rí? Wọ́n á ní mo gbé àìsàn wọlé dè é."

"Tẹ́ ẹ bá kú kó tó di Sátidé ńkọ́?"

"Orí mi kọ̀ ọ́, ọmọ yìí! Ẹnu ẹ ò ṣe dáa?" Wọ́n wá sọ ohùn kalẹ̀. "Ahọ́n ọ̀hún náà ló fà á. Ó ní ṣé ara le. Ta ló ń sọ pé rárá? Ìwọ, tí mo bá bá ẹ pàdé lọ́nà, tí mo ní ṣé ara le, kí lo máa sọ?"

"Mo máa ní a dúpẹ́."

"Ẹ̀n-ẹ́n."

Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀ mí létí. Nílé wa, ṣé aláìsàn ló ń rojọ́ ara ẹ̀ ni? Ẹni tó mú un wá ló ń sọ ọ́. Aláìsàn á jókòó, á ní ara òun le, ọmọ ẹ̀ á dúró lẹ́yìn, á máa mi orí sí nọ́ọ̀sì pé ẹ má dá wọn lóhùn, wọn ò sùn láti àná. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Mo bá lọ síwájú Ahọ́n, mo ní, "Ẹsẹ̀ ọ̀tún Ìyá Orímisàn ń jẹrà. Pàṣẹ kí n wò ó."

"Ẹ ṣeun," ni Ahọ́n wí. "Ẹnu oníhun nìkan ni mo ń gbà."

Ọ̀gá mi bú sẹ́rìn-ín. "O rò pé èmi ò tíì gbìyànjú ẹ̀? Àwọn tó ṣe nǹkan yìí, níbi tí wọ́n ti wá, tó o bá ní ṣé ara le, wọ́n á máa ka egungun ara wọn fún ẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo sọ fún wọn títí. Mo ní ẹ jẹ́ kó máa gbọ́ tọmọ, kó máa gbọ́ tọkọ, kó máa gbọ́ ti nọ́ọ̀sì. Ṣé o mọ ohun tí wọ́n ní?"

"Kí ni wọ́n ní?"

"Wọ́n ní ká lọ kọ́ àwọn èèyàn wa bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìbéèrè."

Ẹ gbọ́, gbogbo ìríra tí mo ti ń kó pa mọ́ látàárọ̀, ìdin, itọ́, òórùn eku, kò sí èyí tó tó gbólóhùn yẹn. Ó lẹ̀ mọ́ mi láhọ́n bí ọ̀rá tútù. Mo wo Ọ̀gá Akínlàbí, tó tún ti mú ṣíbí ẹ̀. Mo wo ìgbálẹ̀ tó nà sí mi. Mo wo ọwọ́ ara mi, tó wà nínú ìbọ̀wọ́ bí òkú nínú pósí. Ara mi fúnra mi wá ń rí mi lára.

Mo padà sẹ́yìn kọ́tìnnì. Ìyá Orímisàn ti jókòó sílẹ̀, ẹsẹ̀ ti kọ̀ wọ́n, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri, òógùn bo ojú wọn.

Mo bọ́ ìbọ̀wọ́.

Ó kú lójú mi. Ó ká kò bí ewé tí iná rà, ó dúdú. Ahọ́n ní, "Mosúnmọ́lá, ìbọ̀wọ́ rẹ ti kú," bí ẹni pé ó ń kí mi kú ọjọ́ ìbí. Ọ̀gá mi pariwo látọ̀hún: "Mosúnmọ́lá! Ṣé wèrè ń ṣe ẹ́ ni?"

Mo ṣí ìró ìyá náà sókè. Orí ẹja yíyan ló so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ yípo, wọ́n fi aṣọ dì í, kí òórùn lè bo òórùn. Mo tú u. Aṣọ yẹn lẹ̀ mọ́ ara, nígbà tó máa já, nǹkan kan bá a já. Abẹ́ ẹsẹ̀ ti ṣí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó rà, ọyún àwọ̀ ewé ń ṣàn, ìka méjì ti dúdú, àwọn ìdin sì ń rọ́ lura wọn nínú ihò yẹn, funfun, sísanra, bí àwọn tó ń jàsè.

Mo yíjú, mo bì. Ìrẹsì àárọ̀ ló jáde. Ní tòótọ́, àwọn méjèèjì jọra.

"Mo sọ fún ẹ kó o fi mí sílẹ̀," ni ìyá náà ń wí, omi ń bọ́ lójú wọn. "Mo sọ fún ẹ."

Mo nu ẹnu mi. Mo ki ọwọ́ bọ inú egbò yẹn. Ó gbóná, ó rọ̀, ó ń mira. Mi ò rí ohun tí mo lè fi wé e, mi ò sì fẹ́ rí i. Mo bu ọyún yẹn sí àtẹ́lẹwọ́, mo dìde, mo lọ jókòó sórí àga iwájú Ahọ́n.

"Ẹ káàárọ̀, Mosúnmọ́lá. Ṣé ara le?"

"Ara mi ò le. Ọwọ́ mi ń jẹrà."

Ó nà jáde. Ó lá a. Mo dijú, mo ń gbọ́ bó ṣe ń lá a mọ́ lára ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ tó ń lá ọbẹ̀. Ògiri wá pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Mi ò tíì rí i kó pọ́n bẹ́ẹ̀ rí.

"Mosúnmọ́lá, ẹran ọwọ́ rẹ ti kú. Májèlé ti fẹ́ wọnú ẹ̀jẹ̀. Ọkọ̀ aláìsàn ti gbéra. Tí wọ́n bá dé, wọ́n á gé ọwọ́ náà. Má bẹ̀rù."

Àpótí inú ògiri ṣí, omi iyọ̀, oògùn, aṣọ funfun, gbogbo ẹ̀ jáde lórúkọ mi. Mo ní tóò, oògùn ti jáde, mo máa gbé e fún ẹni tó ni ín. Àfi bí mo ṣe fẹ́ dìde tí àga di apá mi mú. Mi ò mọ̀ pé ó máa ń di èèyàn mú. Ọ̀gá Akínlàbí sáré wá, ó ń fà á, kò tú.

"Ọ̀gá, ẹ sọ fún un pé irọ́ ni mo pa!"

"Kì í gba ẹnu mi! Ẹnu oníhun nìkan ló ń gbà!"

"Irọ́ ni mo pa!" ni mo ké sí Ahọ́n. "Ọwọ́ mi ò ṣe nǹkan kan!"

"Mo ti tọ́ ọ wò," ni Ahọ́n wí. "Má bẹ̀rù."

Ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni mo ti gbọ́ ohùn. "Wọ́n á gé kí ni?"

Ọ̀gá mi ṣì ń fa àga.

"Mo ní wọ́n á gé ọwọ́ ta ni? Ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ?"

Kọ́tìnnì ṣí. Ìyá Orímisàn ni, lórí ìdí, wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ ara wọn bọ̀ nílẹ̀, ẹsẹ̀ yẹn ń fa ilà tútù lẹ́yìn wọn. Wọ́n wọ́ ara wọn títí wọ́n fi dé abẹ́ Ahọ́n, wọ́n wá gbójú sókè sí i bí ẹni tó fẹ́ bá a jà.

"Ìwọ Ahọ́n! Gbọ́ mi."

"Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ṣé ara le?"

Ẹnu wọn ṣí. Mo rí i pé "a dúpẹ́" ti dé etí ètè, ó fẹ́ fúnra ẹ̀ jáde. Wọ́n pa ẹnu dé. Wọ́n mí kanlẹ̀.

"Rárá," ni wọ́n wí. "Ara mi ò le. Ẹsẹ̀ mi ń jẹrà. Ó ti pẹ́ tó ti ń jẹrà. Mo purọ́ fún ẹ, mo purọ́ fún ọmọ ọmọ mi, mo fi orí ẹja bò ó. Ẹsẹ̀ mi ló wà lọ́wọ́ ọmọ yìí. Fi í sílẹ̀, kó o wá lá mi."

Wọ́n na ẹsẹ̀ sí i.

Ahọ́n lá a pẹ́. Ó lá ìka, ó lá ihò, ó ń ti ìdin sápá kan, ó tún ń dá wọn padà. Ọ̀gá mi kọ ẹ̀yìn sí i. Èmi wò ó. Mo ti rí ohun tó burú jù ú lọ.

"Ìtọ́wò kan náà ni," ni Ahọ́n wí, àga sì tú mi sílẹ̀. "Màmá, ìka méjì ti lọ. Ẹsẹ̀ ṣì wà láàyè, wọn ò ní gé e. Ìdin ti jẹ gbogbo èyí tó kú kúrò. Àwọn ni ò jẹ́ kó kú tán. Nọ́ọ̀sì, fọwọ́ kàn án, kó o fọ̀ ọ́ kí ọkọ̀ tó dé."

Ẹ rí nǹkan. Nínú gbogbo àwa tá a wà ní sẹ́ńtà yìí, èmi, Ọ̀gá Akínlàbí, Ahọ́n tí wọ́n ná owó ìlú tán láti rà, ìdin nìkan ló ti ń tọ́jú obìnrin yìí.

Mo kúnlẹ̀. Mo fa omi iyọ̀ mọ́ra, mo gbé ẹsẹ̀ wọn lé itan mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí bu omi sí i. Ahọ́n ń júwe fún mi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́: "Sí òsì díẹ̀. Jẹ́jẹ́ níbẹ̀, ìyẹn ń mí." Ọwọ́ mi ń ṣe é, Ahọ́n ń lá a wò. Mo ní lọ́kàn mi pé ṣé bó ṣe yẹ kó o máa ṣe látìbẹ̀rẹ̀ rè é, kó o dúró lẹ́yìn mi dípò kó o dúró níwájú mi?

Ìyá Orímisàn ń wò mí. Wọ́n ní, "Ṣé èmi nìyàwó ni?"

Ẹ̀rín pa mí, ẹkún pa mí pọ̀ mọ́ ọn.

"Ẹ̀yin nìyàwó, Màmá."

"Ó dáa. Kí wọ́n gbé ìyàwó Ìbídàpọ̀ wá bá mi níbi tí wọ́n bá gbé mi lọ. N ó fi ìjókòó fọ ẹsẹ̀ ẹ̀. Tó bá ń rí i lára, kó padà sílé bàbá ẹ̀."

Ọkọ̀ aláìsàn gbé wọn lọ. Ọ̀gá Akínlàbí ń gbá ìdin, fúnra ẹ̀. Nígbà tó parí, ó fi ìgbálẹ̀ tọ́ka sí ìbọ̀wọ́ dúdú tó wà nílẹ̀. "O mọ̀ pé àwọn tó ni òfin á wá."

"Mo mọ̀."

"Kí lo fẹ́ ṣe kí wọ́n tó dé?"

Mo fọ ọwọ́, mo fọ̀ ọ́, mo tún un fọ̀. Òórùn yẹn ṣì wà lábẹ́ èékánná. Mo lọ ṣí ilẹ̀kùn. Bàbá Fárẹ̀mí ló kàn, aránṣọ ọ̀nà àbájáde ìlú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn kan wú bí ìgbà tí wọ́n ki ọsàn sí i, ojú kan ti fẹ́ pa dé.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ara le?"

"A dúpẹ́ o, nọ́ọ̀sì. Ara le."

"Mo gbọ́," ni mo wí, mo sì na ọwọ́ lásán sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. "Ẹ yanu."